Kétu àti Atakpamé: Oòrùn Kan, Agogo Méjì

Nígbà tí agogo bá lu méjìlá ọ̀sán ní Kétu, aago mọ́kànlá ni ó ṣì wà ní Atakpamé. Bẹ́ẹ̀, bí ẹyẹ bá fò tààrà láti ìlú kìíní sí èkejì, nǹkan bí 160 kìlómítà ni yóò fò. Nínú ìtàn àtẹnudẹ́nu, Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn Kétu ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orírun. Ibẹ̀ náà ni àwọn Ifè Atakpamé, tí àwọn mìíràn ń pè ní Ana, ń tọ́ka sí. Ta ni ó wá fi wákàtí kan sí àárín wọn?

Kì í ṣe oòrùn. Òótọ́ ni pé Kétu wà ní ìhà ìlà-oòrùn, tí oòrùn sì ń kọ́kọ́ dé àtàrí àwọn ará ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò ju ìṣẹ́jú 6 lọ kí ó tó dé ti Atakpamé. Ìṣẹ́jú 54 yòókù, òfin ìjọba ni ó fi kún un: Bẹ̀nẹ̀ ń bá Nàìjíríà lo wákàtí kan náà, Tógò sì ń lo ti Gánà.

Ààlà tí agogo ń tẹ̀ lé yìí kò tíì pẹ́. Ní 1897 ni Faransé àti Jámánì fọwọ́ sí ìwé ààlà láàárín Dàhọ̀mì àti Tógò. Kétu bọ́ sọ́dọ̀ Faransé, Atakpamé sì wà lọ́wọ́ Jámánì títí di ọdún 1914. Nígbà tí òmìnira dé ní 1960, Tógò gba tirẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin, Dàhọ̀mì gba tirẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ.

Ìwà ìlú méjèèjì yàtọ̀ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ti wà kí òyìnbó tó dé. Kétu kò ní òkè tí ó lè sá sí. Ó gbẹ́ yàrà, ó mọ odi, ó sì fi Àkàbà Ìdènà ṣe ẹnu ọ̀nà. Ìlú ẹnubodè ni, ìlú ètò, níbi tí ìdílé ọba márùn-ún ti ń jẹ Alákétu ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé. Ní ti Atakpamé, àwọn òkè ni odi rẹ̀. Àwọn tí ogun lé kúrò nílé wá fara pamọ́ síbẹ̀, èdè Ifè, Ewe àti Fon sì pàdé ní ìlú kan.

Ogun kan náà ni ó kọ́ wọn ní ọgbọ́n méjèèjì. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun Dàhọ̀mì kọlu Atakpamé. Àwọn náà ni wọ́n dó ti Kétu, tí wọ́n sì pa á run ní 1886, tí wọ́n kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Lẹ́yìn ìṣubú Béhanzin ni àwọn tí ó ṣẹ́kù padà wá tún ìlú tẹ̀ dó, tí wọ́n sì tún gbé adé ró.

Àwọn ọmọdé Kétu ń ka ìtàn Bẹ̀nẹ̀ ní ilé ìwé, àwọn ti Atakpamé ń ka ti Tógò. Bí àwọn àgbà ìhà méjèèjì kò bá jókòó pọ̀ sọ èyí tí wọ́n mọ̀, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ wọn yóò gbà pé wákàtí kan ni ó wà láàárín wọn lóòótọ́. Ìpàdé bẹ́ẹ̀ kò ṣòro. Kí ẹni tí ó bá ń pè é ṣáà sọ agogo ìlú tí òun ń lò.