Ìṣẹ̀dá Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀kọ́ Àkàyé ní Kíláàsì Kẹrin sí Ìkẹfà

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ ti ṣẹ̀dá fún iṣẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá, díẹ̀ ni ó gún régé tó àkàyé. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì, kà àti yé, ni ó para pọ̀ di ọ̀rọ̀ náà, pẹ̀lú àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tí ó sọ wọ́n di ọ̀rọ̀-orúkọ, débi pé ẹni tí kò gbọ́ ọ rí yóò mọ̀ pé kíkà tí ó yọrí sí òye ni. Ayọkà, tí í ṣe apá tí a yọ láti inú ìwé fún kíkà, dúró ṣinṣin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orúkọ ẹ̀kọ́ náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn iṣẹ́ tí ọpọlọ ọmọ ń ṣe kí òye tó dé kò tíì rí bẹ́ẹ̀, àìsí wọn sì ń dí olùkọ́ lọ́wọ́ ní kíláàsì kẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà.

Ìdí tí àìtó ọ̀rọ̀ yìí fi hàn jù ní àwọn kíláàsì òkè kò fara sin. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó jẹ́ àṣà ní Nàìjíríà pé ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún èdè abínibí, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì sì gba iṣẹ́ ìkọ́ni lẹ́yìn náà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àsìkò yẹn gan-an ni ọmọ ń kúrò nínú kíkọ́ ìwé kà, tí ó ń bọ́ sínú kíkà láti fi kọ́ ohun mìíràn. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ní ilé-ẹ̀kọ́ St Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, fi hàn pé kò pọn dandan kí ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tẹ̀ lé e, apá kìíní ní 1984 tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olótùú rẹ̀, apá kejì ní 1990 tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olótùú rẹ̀; èdè-ìperí ni àkójọ ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ fi ń sọ̀rọ̀ nípa èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Olùkọ́ àti olùwádìí ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ ní pàtàkì, iṣẹ́ tí ó sì kù ni láti rí ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nígbà tí ó bá ń kàwé.

Irú ọ̀rọ̀ wo ni ó yẹ bẹ́ẹ̀? Ìwádìí tí Dolores Durkin ṣe ní àwọn kíláàsì ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó jáde ní 1978 sí 1979, fi hàn pé àwọn olùkọ́ ń bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè lórí ohun tí wọ́n kà, ṣùgbọ́n wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn ní bí òye ṣe ń dé. Ìdánwò ni wọ́n ń ṣe, wọn kò kọ́ni. Bí ó bá jẹ́ pé bí òye ṣe ń dé ni a fẹ́ kọ́ ọmọ, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí ó dára ni èyí tí a lè dá padà sí ọ̀rọ̀-ìṣe, kí ó di àṣẹ tàbí ìbéèrè lẹ́nu olùkọ́, kí ó sì di ìbéèrè tí ọmọ lè bi ara rẹ̀.

Ọgbọ́n mẹ́rin tí Annemarie Palincsar àti Ann Brown gbé kalẹ̀ ní 1984, tí àwọn ọmọ ń gbà lọ́wọ́ ara wọn lò nínú ẹgbẹ́ kékeré, yẹ fún òṣùwọ̀n yìí. Àkọ́kọ́ ni ríro ohun tí ó ń bọ̀ nínú ayọkà. Àsọtẹ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó sún mọ́ ẹnu jù, ṣùgbọ́n ó ti di ti wòlíì àti ti babaláwo, tí ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe àbá, nígbà tí èrò ọmọ jẹ́ àbá tí ojú-ìwé tí ó tẹ̀ lé e lè yí padà, nítorí náà, àròtẹ́lẹ̀ sàn jù, nítorí olùkọ́ lè béèrè pé, "Kí lo rò tẹ́lẹ̀, kí ni ìwé wá sọ?" Èkejì ni ìbéèrè, tí kò fẹ́ ọ̀rọ̀ tuntun. Ẹ̀kẹta ni kíkojú ibi tí kò yé ọmọ. Ìtúkókó ìbá bá a mu, nítorí Yorùbá a máa sọ pé ọ̀rọ̀ ta kókó, àmọ́ kókó ti ní iṣẹ́ mìíràn nínú ẹ̀kọ́ yìí, nítorí náà ìlàdìí, èyí tí í ṣe líla ìdí ọ̀rọ̀, ni ó yẹ kí ó gba ipò náà. Ìkẹrin ni ìsọníṣókí, tí ó ti wà lẹ́nu àwọn olùkọ́ tẹ́lẹ̀.

Ibi tí ìdàrúdàpọ̀ pọ̀ sí jù ni kókó fúnra rẹ̀. Wọ́n ń lò ó fún ohun tí ayọkà dá lé, fún èrò tí ó ga jù nínú ìpínrọ̀, àti fún ẹ̀kọ́ tí ìtàn fẹ́ kọ́ni, èyí tí kò jẹ́ kí ọmọ mọ èyí tí wọ́n ń béèrè. Ó yẹ kí a pín iṣẹ́ fún àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀: kí àkòrí jẹ́ ohun tí ọ̀rọ̀ dá lé, kí kókó jẹ́ ohun tí òǹkọ̀wé sọ nípa àkòrí náà, kí kúlẹ̀kúlẹ̀ jẹ́ àwọn ohun tí ó ti kókó lẹ́yìn, kí ẹ̀kọ́ ìtàn sì dúró lọ́tọ̀. Bí àkòrí bá jẹ́ oyin, kókó lè jẹ́ pé iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ni ó mú ilé oyin dúró, kúlẹ̀kúlẹ̀ yóò sì jẹ́ iṣẹ́ tí oyin kọ̀ọ̀kan ń ṣe.

Ìfòyemọ̀ ni orúkọ òye tí ó ju ìtumọ̀ eréfèé lọ. Bí ayọkà bá sọ pé bàbá kan ti oko dé, ó bọ́ ẹ̀wù, ó fún un, ó sì ní kí àwọn ọmọ gbé agbada sábẹ́ ibi tí òrùlé ti ń jò, ọmọ yóò fòye mọ̀ pé òjò ni, bí kò tilẹ̀ sí ọ̀rọ̀ òjò níbẹ̀. Kí ìfòyemọ̀ má baà di àfẹnusọ lásán, ẹ̀rí gbọ́dọ̀ bá a rìn, ìyẹn ni pé kí ọmọ lè tọ́ka sí ibi tí ó ti rí i. Àyíká-ọ̀rọ̀, tí í ṣe àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yí ọ̀rọ̀ kan ká, pọn dandan nínú èdè olóhùn bíi Yorùbá, nítorí bí ìwé kò bá fi àmì ohùn sí i, àyíká nìkan ni yóò ya igbá, igba àti ìgbà sọ́tọ̀. Philip Gough àti William Tunmer ṣàlàyé ní 1986 pé ìsọdipúpọ̀ mímọ ọ̀rọ̀ pè àti òye èdè ni àkàyé, tí ó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá jẹ́ òdo, òdo ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ tí ó dàgbà sínú àlọ́, òwe àti àkànlò èdè ti ní òye èdè, tí í ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí, lọ́wọ́ kí ó tó dé kíláàsì, ìpàdánù ńlá sì ni kí a pa á tì nítorí àìsí ọ̀rọ̀ tí a ó fi pè é.

Kò yẹ kí gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dé lọ́jọ́ kan. Sáà kìíní, tí ó ń bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹsàn-án, lè jẹ́ ti àkòrí, kókó, kúlẹ̀kúlẹ̀ àti àyíká-ọ̀rọ̀. Sáà kejì yóò gba àròtẹ́lẹ̀, ìlàdìí, ìfòyemọ̀ àti ẹ̀rí. Sáà kẹta yóò sì jẹ́ ti ìsọníṣókí àti ìfiwéra ayọkà méjì, tí ó ń lo gbogbo ti ìṣáájú. Olùkọ́ yóò kọ́kọ́ ṣe é lójú àwọn ọmọ, yóò bá wọn ṣe é, kí ó tó fi í sílẹ̀ fún wọn.

Àwọn olùṣètò ẹ̀kọ́, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni àti àwọn tí ń ṣe ìdánwò ni ó yẹ kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ kan fún iṣẹ́ kan, kí ọmọ má baà gbọ́ orúkọ mẹ́ta fún ohun kan ṣoṣo láti kíláàsì dé kíláàsì. Ẹnu àwọn ọmọ ni yóò sì ṣèdájọ́ iṣẹ́ náà: ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi ń bi ara wọn léèrè nídìí ìwé, láìsí olùkọ́ níbẹ̀, ni a lè sọ pé ó ti di ti èdè Yorùbá.