Ìjókòó Oníṣòwò: Láti Ìgbà Pàràkòyí Títí Dé Pápá Tafawa Balewa

Bí oṣù kọkànlá ọdún bá ti wọlé, ojú àwọn oníṣòwò Èkó a yí sí pápá Tafawa Balewa ní Oníkan. Níbẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Oníṣòwò Èkó, tí ìwé ìjọba ń pè ní Lagos Chamber of Commerce and Industry, ti ń ṣe ọjà àgbáyé rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́nu ọdún àìpẹ́ yìí. Ẹni tó bá wọ inú pápá náà yóò rí ọjà méjì tí ń lọ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjà kìíní ni ti àwọn tó pàtẹ: aránṣọ, oníbàtà, ẹni tó ń ta ọṣẹ dúdú, ẹni tó di gàrí sínú ọ̀rá tó ń dán. Ọjà kejì kò ní àtẹ. Inú gbọ̀ngàn ni ó ti ń wáyé, níbi tí ọ̀gá ilé-ìfowópamọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba, aṣojú orílẹ̀-èdè òkèèrè àti olórí ilé-iṣẹ́ ńlá ti ń bọ ara wọn lọ́wọ́, tí wọ́n ń gba nọ́ńbà ara wọn, tí wọ́n sì ń gbọ́ ohun tí ìjọba fẹ́ ṣe kí ìjọba tó ṣe é.

Ọ̀pọ̀ òǹtajà kékeré ló gbà pé ọjà kìíní ni òun bá wá. Ìtàn òwò nílẹ̀ Yorùbá sì fi hàn pé inú ọjà kejì ni èrè ńlá máa ń gbé. Ó tún fi ohun mìíràn hàn, èyí tó yẹ kó ká ènìyàn lára: láti ìgbà tí wọ́n ti dá irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó, ọ̀rọ̀ ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀ àti ẹni tí yóò dúró síta kò tíì tán nílẹ̀.

Kì í ṣe òyìnbó ló kọ́ Yorùbá pé ó yẹ kí oníṣòwò ní ìjókòó tirẹ̀. Láàárín àwọn Ẹ̀gbá, ìpín oyè ìlú hàn gbangba. Àwọn Ògbóni ló ń mójú tó ìṣàkóso, àwọn Olóògun ló ń mójú tó ogun, àwọn Pàràkòyí ló sì ń mójú tó òwò. Àwọn Ìjẹ̀bú náà ní Pàràkòyí tiwọn. Iṣẹ́ wọn ni láti parí aáwọ̀ ọjà, kí wọ́n sì gba ẹnu oníṣòwò sọ̀rọ̀ níwájú ọba àti ìjòyè. Àwọn obìnrin, tí ọjà wà lọ́wọ́ wọn jù, ní Ìyálóde àti Ìyálọ́jà. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá fi Ẹfúnróyè Tinúbú jẹ Ìyálóde ní 1864, oníṣòwò ńlá ni wọ́n gbé dé ipò náà, ẹni tó fi ohun ìjà ran ìlú lọ́wọ́ nígbà tí ogun Dàhòmì dé. Òwò àti ìṣàkóso kò jìnnà síra nígbà náà. Ẹni tó ń tajà mọ ẹni tí òun yóò gbé ẹjọ́ òun lọ bá.

Owó pẹ̀lú ní ìjókòó tirẹ̀. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tó jáde ní 1921, ó ṣàlàyé èsúsú: àwọn ènìyàn a kó ara wọn jọ, wọn a máa dá iye owó kan náà ní àkókò kan náà, ẹnìkan a kó gbogbo rẹ̀, títí yóò fi kárí. Kì í ṣe ìwé àdéhùn ló gbé èsúsú ró. Ìmọ̀ ló gbé e ró: olúkúlùkù mọ ilé ẹnìkejì, ó mọ àwọn ẹbí rẹ̀, ó mọ ohun tó ń tà. Ohun tí ìjókòó oníṣòwò wà fún gan-an nìyẹn ní gbogbo ibi tó bá wà láyé. Ó máa ń sọ àjèjì di ẹni mímọ̀, kí àwìn lè ṣeé ṣe, kí ìròyìn sì lè tètè débẹ̀.

Àwọn òyìnbó náà ti mọ èyí tipẹ́. Ìlú Marseille ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ oníṣòwò irú èyí sílẹ̀ ní 1599. Ti New York tẹ̀ lé e ní 1768, ti Glasgow ní 1783. Ní 1888, ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ Èkó di tirẹ̀, àwọn oníṣòwò Èkó dá tiwọn sílẹ̀. Ìgbà tí epo pupa àti èkùrọ́ ń jáde lọ sí òkè òkun, tí aṣọ Manchester àti ọtí sì ń wọlé, ni. Òyìnbó ló pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ náà. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni àwọn ọmọ ilẹ̀ tó wà pẹ̀lú wọn.

Ohun tí àwọn oníṣòwò Márínà ń fẹ́ kò fara sin. Wọ́n fẹ́ kí ọ̀nà tó wọ inú ilẹ̀ Yorùbá là, kí ogun dáwọ́ dúró, kí owó ibodè tí àwọn Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ń gbà kásẹ̀ nílẹ̀. Ní 1892 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó ogun ja Ìjẹ̀bú, ọ̀nà sì là. Ní 1894 ilé-ìfowópamọ́ Bank of British West Africa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó. Ní 1896 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin, nígbà tó sì di 1901 ó ti dé Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ náà nìkan kọ́ ló fa gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ṣe àwọn tó wà nínú rẹ̀ láǹfààní. Ohun tí àwọn Pàràkòyí Ìjẹ̀bú pàdánù ní ibodè wọn, àwọn ará Márínà ló jèrè rẹ̀.

Nígbà tí Gómìnà Clifford gbé òfin tuntun kalẹ̀ ní 1922, agbára ìjókòó náà wá hàn sí gbogbo ojú. Ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun náà ní ọmọ ẹgbẹ́ 46, ṣùgbọ́n mẹ́rin péré ni àwọn ará ìlú fi ìbò yàn: mẹ́ta láti Èkó, ọ̀kan láti Calabar. Ọkùnrin tí owó tó ń wọlé fún un kò dín ní £100 lọ́dún nìkan ló lè dìbò. Obìnrin kankan kò lè dìbò. Síbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ oníṣòwò, ti Èkó pẹ̀lú, ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀ náà. Ìlú tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún alájàpá àti alárobọ̀ rí àga mẹ́ta péré gbà. Ẹgbẹ́ tí gbogbo ọmọ rẹ̀ lè péjọ sínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo rí àga tirẹ̀ láìjẹ́ pé ó tọrọ ìbò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó dúró síta kò jókòó kawọ́ gbera. Ní 1907 àwọn àgbẹ̀ olóko ńlá ní Agége, tí J. K. Coker jẹ́ òpómúléró wọn, ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ní 1933, nítorí pé ilé-ìfowópamọ́ òyìnbó kì í fẹ́ yá ọmọ ilẹ̀ lówó, Akínọlá Májà, T. A. Doherty àti Hamzat Subair dá National Bank of Nigeria sílẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba fi ìwé àṣẹ ìkọ́jàwọlé sí ọwọ́ àwọn tó ti ń kó ọjà wọlé tẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n òwò wọn àtẹ̀yìnwá. Òfin náà kò dárúkọ àwọ̀ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ òyìnbó ló kó ìpín tó pọ̀ jù, nítorí pé àwọn ló ti wà níbẹ̀ látilẹ̀ wá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jókòó ni ìṣirò máa ń dára fún.

Lábẹ́ gbogbo wọn ni àwọn oníṣòwò kéékèèké wà. Àwọn obìnrin Èkó ń gba aṣọ ní àwìn lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ òyìnbó, wọ́n sì ń tà á díẹ̀díẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń pè ní òṣómàáló ń gbé aṣọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n ń tà á láwìn, wọn a sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi san owó wọn. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń sọ ẹrù tó kún ilé ìkẹ́rù Márínà di owó. Kò sì sí ẹni tó ń pè wọ́n sí ìjókòó kankan.

Obìnrin kan tó ń ta ẹja ní ọjà Erékò ló fi hàn pé a lè dá irú ìjókòó yẹn sílẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Àlímọ̀tù Pẹlẹwúrà. Kò mọ ìwé kọ, kò mọ̀ ọ́n kà, ṣùgbọ́n òun ni olórí Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Ọjà Èkó. Ní 1940 ìjọba gbé òfin jáde pé kí obìnrin tí owó tó ń wọlé fún un bá ju £50 lọ lọ́dún máa san owó orí. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, àwọn obìnrin ọjà tú síta, wọ́n wọ́ lọ bá àwọn aláṣẹ. Ọ̀rọ̀ tí Pẹlẹwúrà tẹnu mọ́ rọrùn láti gbọ́ yé: obìnrin kò ní ìbò, nítorí náà kò yẹ kí ó san owó orí. Kò pẹ́ tí ìjọba fi gbé òǹkà náà kúrò ní £50, ó sọ ọ́ di £200, èyí tó yọ àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn kúrò. Nígbà ogun, tí ìjọba fẹ́ máa dá iye lé oúnjẹ, tó fẹ́ kí wọ́n máa ta gàrí ní iye tí òun bá sọ, àwọn obìnrin náà ló tún dìde. Pẹlẹwúrà wà nípò rẹ̀ títí ó fi kú ní 1951.

Ohun tí Márínà ní ni Erékò náà ní: ibi ìpàdé, olórí tí wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, àti ohùn kan. Ohun kan ṣoṣo ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Wọ́n ń pe Márínà kí ìjọba tó pinnu. Erékò ní láti tú síta lẹ́yìn tí ìjọba ti pinnu.

Òmìnira dé ní 1960, ọdún náà sì ni wọ́n dá NACCIMA sílẹ̀, àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ oníṣòwò ní gbogbo Nàìjíríà. Ní 1972 ìjọba ológun ṣòfin tó ya oríṣi òwò àti iṣẹ́ 22 sọ́tọ̀ fún ọmọ orílẹ̀-èdè yìí nìkan. Èyí ìbá jẹ́ ìdáǹdè fún oníṣòwò kékeré. Ṣùgbọ́n àtira ìpín nínú ilé-iṣẹ́ òyìnbó gba owó ńlá, àtiyá owó ńlá sì gba kí ọ̀gá báńkì mọ ènìyàn. Àwọn tó ti ń jókòó pọ̀ tẹ́lẹ̀ ló tètè gbọ́, àwọn ló sì tètè rà. Ní 1977 Èkó ṣe ọjà àgbáyé àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ọgbà ńlá tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ sí ojú ọ̀nà Badagry. Ọjà náà ni Ẹgbẹ́ Oníṣòwò Èkó wá ń bójú tó lónìí.

Lónìí, ọmọ ilẹ̀ ló ń darí ẹgbẹ́ náà, obìnrin sì ti ṣe ààrẹ rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìyàtọ̀ àwọ̀ àti ti akọ-n-bábo ti dín kù. Èyí tó kù ni ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ní ìwé àti ẹni tí kò ní. Ẹni tí kò bá tíì forúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, tí kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, tí kò lè ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ láti lọ sí ìpàdé, kò yàtọ̀ púpọ̀ sí alárobọ̀ ayé 1922.

Ọdún 2020 fi èyí hàn kedere. Nígbà tí àrùn kòrónà dá òwò dúró, ìjọba àpapọ̀ ṣètò owó ìrànwọ́ fún àwọn oníṣòwò kéékèèké. Nínú ètò náà, wọ́n pinnu láti fún oníṣẹ́-ọwọ́ àti awakọ̀ 333,000 ní ₦30,000 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì forúkọ òwò 250,000 sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Láti rí oníṣẹ́-ọwọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ọ̀nà tó ya ju ẹgbẹ́ wọn lọ: ẹgbẹ́ aránṣọ, ẹgbẹ́ mẹkáníìkì, ẹgbẹ́ onídìrí. Ẹni tó ti ń sá fún ìpàdé nítorí owó ìtanràn àti àriwo wá rí i pé orúkọ rẹ̀ kò sí níbi kankan tí ẹnikẹ́ni lè wò.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí kan ìhà méjèèjì. Ó kan oníṣòwò kékeré, pé àkókò tí a bá lò níbi ìpàdé kì í ṣe àkókò tó sọnù; ara òwò ni. Èèyàn kan tó bá mọ̀ ọ́ níbẹ̀ lè ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ lọ́la. Ó sì kan àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá, pé ìwé ìpè sí ìpàdé kò tó bí ìpàdé fúnra rẹ̀ bá ti ti àwọn ènìyàn síta nípa owó ìwọlé, nípa èdè àti nípa wákàtí tí wọ́n fi sí.

Bí Pẹlẹwúrà bá padà wá sí Èkó ní oṣù kọkànlá tó ń bọ̀, wọn yóò ta ibi ìpàtẹ fún un, kò sí àní-àní. Yóò pàtẹ ẹja rẹ̀, yóò sì tà. Ìbéèrè tó kù ni bóyá àga kan yóò wà fún un nínú gbọ̀ngàn, àti bóyá ẹnikẹ́ni níbẹ̀ yóò bá a sọ èdè tó gbọ́.