Jẹ́lé-ó-sinmi: Ìtàn Ètò Eré fún Ọmọ Ọdún Méjì

Yorùbá kì í sọ nǹkan lórúkọ lásán. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ dé ilẹ̀ Yorùbá, jẹ́lé-ó-sinmi ni àwọn ènìyàn pè é. Ẹni tí ó sọ ọ́ ní orúkọ yìí ti wo ìkòkò ọbẹ̀ tí ọmọ fẹ́ dà nù, ó ti wo ewúrẹ́ tí ọmọ ń fà ní ìrù, ó sì mọ̀ pé bí ọmọ bá kúrò nílé fún wákàtí díẹ̀, ara yóò tu ilé. Òtítọ́ ni orúkọ náà sọ, ṣùgbọ́n ìdajì òtítọ́ ni. Ó sọ ohun tí ilé rí gbà, kò sọ ohun tí ọmọ rí gbà. Ilé sinmi, ọmọ ńkọ́? Kí ni ó ń ṣe láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán? Ìbéèrè yìí kan ọmọ ọdún méjì ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí kò tíì lè jókòó pẹ́, kò tíì lè sọ gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kò sì sí iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀ ju eré lọ. Ó ti lé ní igba ọdún tí àwọn olùkọ́ ti ń wá ìdáhùn sí i, ìtàn ìwákiri wọn sì kún fún ẹ̀kọ́.

Abúlé New Lanark ní ilẹ̀ Scotland ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Robert Owen, ọmọ ilẹ̀ Wales tí a bí ní ọdún 1771, gba àkóso ilé-iṣẹ́ òwú tí ó wà níbẹ̀ ní ọdún 1800. Tọkùnrin tobìnrin ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àwọn ọmọdé pàápàá kò gbẹ́yìn. Owen dá gbígba ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá sí iṣẹ́ dúró, ó sì kọ́ ilé kan fún ẹ̀kọ́ wọn, èyí tí a ṣí ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1816. Ọmọ tí ó bá ti lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ni a ń gbà síbẹ̀, kí ìyá rẹ̀ lè lọ síbi iṣẹ́. Jẹ́lé-ó-sinmi gan-an ni.

Àwọn tí Owen yàn láti máa tọ́jú wọn ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Kò wá ọ̀mọ̀wé. James Buchanan, ahunṣọ tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìwé, àti Molly Young, ọ̀dọ́mọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ni ó mú, nítorí pé àwọn méjèèjì fẹ́ràn ọmọdé wọ́n sì ní sùúrù. Ó pàṣẹ fún wọn pé wọn kò gbọdọ̀ na ọmọ kankan, wọn kò sì gbọdọ̀ halẹ̀ mọ́ ọn. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni kí wọ́n máa fi bá a sọ̀rọ̀. A kò fi ìwé yọ àwọn ọmọ náà lẹ́nu. A ya àwòrán ẹranko sára ògiri, a ń kó ewé, òdòdó àti òkúta wá láti oko àti inú igbó, a sì ń dúró de ọjọ́ tí ọmọ fúnra rẹ̀ yóò bèèrè pé kí ni èyí. Bí ojú ọjọ́ bá dára, àgbàlá tí ó wà níwájú ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ń ṣeré. Ètò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibi ìṣeré ni a ṣètò, a kò ṣètò ọwọ́ àti ẹnu ọmọ.

Òkìkí ibẹ̀ kàn dé London. Buchanan lọ síbẹ̀ ní ọdún 1818, ó sì di olùkọ́ irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní Westminster. Ní ọdún 1820 Samuel Wilderspin gba ti Spitalfields, ó sì tan irú ilé-ẹ̀kọ́ yìí kálẹ̀. Wilderspin mọ iyì pápá ìṣeré, ó sì rí i pé a fi ohun ìfiṣeré sí i. Ṣùgbọ́n òun náà ni ó gbé àtẹ̀gùn ìjókòó kalẹ̀, tí ọmọ púpọ̀ ń jókòó lé ní ìpele-ìpele, tí wọ́n ń dá olùkọ́ kan ṣoṣo lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Àtẹ̀gùn yìí ni àwọn tí ó tẹ̀lé e rí mú lò jù. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Owó tí a ń ná sórí olùkọ́ kan kéré sí ti olùkọ́ mẹ́rin, ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ó ń ké orin ìṣirò lẹ́ẹ̀kan náà sì máa ń wu àlejò. Ọmọ kan tí ó jókòó sí kọ̀rọ̀ tí ó ń da omi láti inú ife kan sí èkejì kò wu àlejò kankan.

Ní ilẹ̀ Jámánì, ọ̀nà mìíràn ni Friedrich Froebel gbà. A bí i ní ọdún 1782, kò sì tíì pé ọmọ ọdún kan tí ìyá rẹ̀ fi kú. Ní ọdún 1837 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí eré àwọn ọmọdé ní Blankenburg. Ní ọdún 1840 ó sọ irú ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń rò ní Kindergarten, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọgbà àwọn ọmọdé. Àgbẹ̀ kì í fi ọwọ́ fa ewé gùn. Ilẹ̀ ni ó ń tọ́jú, koríko ni ó ń ro, òjò ni ó sì ń dúró dè.

Froebel to ohun ìṣeré jọ lẹ́sẹẹsẹ, ó sì pè wọ́n ní ẹ̀bùn. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ bọ́ọ̀lù kékeré mẹ́fà tí a fi òwú irun àgùntàn hun, aláwọ̀ mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí a lè so okùn mọ́. Bí ìyá bá fa okùn, bọ́ọ̀lù a lọ. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, bọ́ọ̀lù a padà dé. Ìyá Yorùbá tí ó fi ọwọ́ bojú, tí ó tún ṣí i, tí ọmọ bú sẹ́rìn-ín, mọ ohun tí Froebel ń wá: ohun tí ó kúrò lójú kò ṣègbé. Ní ọdún 1844 ó tẹ ìwé orin àti eré ìka jáde fún àwọn ìyá. Ìjọba Prussia fura sí i, wọ́n sì ka Kindergarten léèwọ̀ ní ọdún 1851. Ọdún kejì ni Froebel kú. Ọdún 1860 ni a tó mú òfin náà kúrò. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin kò lè pa, ọ̀pọ̀ ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Wọ́n sọ ẹ̀bùn di àṣẹ: gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ gbé igi kan náà ní ìṣẹ́jú kan náà, kí wọ́n sì tò ó bí olùkọ́ ti tò ó. Àtẹ̀gùn Wilderspin tún dé ní aṣọ mìíràn.

Margaret McMillan àti Rachel, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni ó gbé ọmọ jáde sí gbangba. Ní Deptford, àdúgbò àwọn tálákà ní London, wọ́n rí àwọn ọmọ tí oòrùn kò tó lára, tí àrùn sì ti tẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ní ọdún 1914 wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó jẹ́ ọgbà pẹ̀lú àwọn àtíbàbà tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. A ń wẹ ọmọ, a ń fún un ní oúnjẹ, a ń jẹ́ kí ó sùn lọ́sàn-án. Lẹ́yìn èyí, ọgbà ni ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Òdòdó wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀, òkìtì òkúta àti ìkòkò àlòkù sì wà níbẹ̀ tí ọmọ lè máa tú. Ogun àgbáyé kìíní mú kí àwọn ìyá púpọ̀ máa lọ síbi iṣẹ́ ohun ìjà, iṣẹ́ náà sì pọ̀ sí i. Rachel kú ní ọdún 1917. Ní ọdún 1918 òfin ẹ̀kọ́ tuntun fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní àṣẹ láti pèsè ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ tí ó ti lé ní ọdún méjì tí kò tíì pé márùn-ún. Báyìí ni ọmọ ọdún méjì fi wọ inú òfin ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ó kù kí a mọ bí ọmọ ọdún méjì ti ń ṣeré ní tòótọ́. Ní ọdún 1932 Mildred Parten, tí ó ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, tẹ ohun tí ó ṣàkíyèsí jáde. Ó rí i pé àwọn tí ó kéré jù máa ń ṣeré ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ara wọn ṣeré. Iyanrìn kan náà ni, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ní ihò tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún ẹni tí ó ń ṣètò. Bí ọmọláńgidi bá jẹ́ ẹyọ kan láàrin ọmọ mẹ́fà, ìjà yóò dé. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ náà burú, àṣìṣe ẹni tí ó ṣètò ni. Igbá mẹ́fà ni kí ó gbé síbẹ̀.

Elinor Goldschmied, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó tún ṣiṣẹ́ púpọ̀ ní ilẹ̀ Ítálì, mú ọ̀rọ̀ náà síwájú sí i. Nínú ìwé tí òun àti Sonia Jackson tẹ̀ jáde ní ọdún 1994, ó ṣàlàyé eré kan fún àwọn ọmọ tí ó ń sún mọ́ ọdún méjì. A ó kó agolo, ẹ̀wọ̀n wẹ́wẹ́, kọ́kọ́rọ́, ìdérí ìgò àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ ní púpọ̀, lẹ́yìn tí a bá ti yẹ̀ wọ́n wò pé kò sí èyí tí ó lè há ọmọ lọ́fun tàbí gé e lọ́wọ́. A ó tẹ́ wọn sílẹ̀, a ó fún ọmọ ní àkókò tí ó tó, àgbà yóò sì jókòó nítòsí láìsọ pé báyìí ni kí o ṣe é. Ọmọ a kó o sínú agolo, a dà á jáde, a tún kó o padà. Lójú àgbà, iṣẹ́ òfo ni; lójú ọmọ, ìwọ̀n, ìró àti àyè ni ó ń kọ́. Ní ìparí, òun àti àgbà yóò jọ kó ẹrù. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèǹgbè. Kí àgbà gbé nǹkan sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ akèǹgbè: gbogbo ètò náà kò ju èyí lọ.

Ọmọ Yorùbá ọdún méjì kò ṣàìní irú ètò yìí kí ilé-ẹ̀kọ́ tó dé, bí a kò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Agbo-ilé ni pápá rẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀, àpáàdì, ìkarahun ìgbín àti ọmọláńgidi ni ohun èlò rẹ̀. Ìyá àgbà àti àwọn ẹ̀gbọ́n ni olùtọ́jú rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà sì ju 800,000 lọ. Ohun àmúyangàn ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó gba báàgì ìwé ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n tí ó ń pọn àbúrò tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n ti lọ, tí ìyá wà ní ọjà tàbí ní ọ́fíìsì, tí agbo-ilé sì ń di yàrá ọ̀yà ní ìlú ńlá, ta ni yóò bá ọmọ ọdún méjì wá iyanrìn?

Ìjọba Nàìjíríà gbìyànjú láti dáhùn. Ìlànà ẹ̀kọ́ tí ó jáde ní ọdún 1977 sọ pé eré ni kí ó jẹ́ ọ̀nà pàtàkì tí a ó fi kọ́ àwọn ọmọ tí kò tíì wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì fi èdè abínibí wọn ṣáájú. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 2004 ka ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ mọ́ ẹ̀kọ́ tí ó tọ́ sí gbogbo ọmọ. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ jẹ́lé-ó-sinmi, ìjókòó ni a kọ́kọ́ fi ń pàdé ọmọ, pẹ́ńsù ni a sì ń fi lé e lọ́wọ́ kí ìka rẹ̀ tó gbó. Bàbá tí ó san owó fẹ́ gbọ́ kí ọmọ ka A, B, D; olùkọ́ tí ọmọ ọgbọ̀n wà níwájú rẹ̀ kò sì rí ọ̀nà mìíràn.

Kì í ṣe ìkà ni ó ń gbé àtẹ̀gùn Wilderspin padà nígbà gbogbo. Àìtó olùkọ́ ni, àti ìfẹ́ láti rí èso kíákíá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣètò eré fún ọmọ ọdún méjì kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ọmọ yóò kà fún àlejò gbọ́. Ibi ni kí ó kọ́kọ́ wò: ǹjẹ́ ó gbòòrò, ǹjẹ́ ewu kò sí níbẹ̀? Kí ó wo ohun èlò: ǹjẹ́ ó kárí? Kí ó wo àkókò: ǹjẹ́ a kò kánjú? Kí ó sì wo ènìyàn: ǹjẹ́ sùúrù Molly Young wà nínú ẹni tí a fi ọmọ lé lọ́wọ́? Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé, ilé lè sinmi láìsí ìfòyà, nítorí iṣẹ́ ọmọ ń lọ.