Láti Orí Ibùsùn sí Ara Ògiri: Ìtàn Ìkójọ àti Ìpàtẹ Aṣọ Ìbora Alábùlẹ̀ ní Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí tọpasẹ̀ bí aṣọ ìbora alábùlẹ̀ tí àwọn obìnrin Amẹ́ríkà fi ọwọ́ rán ṣe kúrò lórí ibùsùn, tí ó di ohun tí àwọn olùkójọ ń wá kiri, tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sì ń gbé kọ́ ara ògiri. Àpẹẹrẹ mẹ́rin ni ó gbé yẹ̀ wò: aṣọ Harriet Powers, ìpàtẹ ọdún 1971 ní New York, iṣẹ́ àwọn obìnrin Gee's Bend, àti àkójọ Eli Leon. Kókó rẹ̀ ni pé orúkọ àti ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí ó rán aṣọ jẹ́ apá kan lára aṣọ náà, àti pé àkójọ tí ó bá sọ wọ́n nù ti sọ ìdajì ìtàn nù. Ó parí pẹ̀lú ohun tí olùkọ́ lè rí mú lò nípa aṣọ ilẹ̀ Yorùbá.

Ìfáàrà

Ohun tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní quilt ni iṣẹ́ yìí pè ní aṣọ ìbora alábùlẹ̀. Ìpele mẹ́ta ni ó sábà máa ń ní: ojú aṣọ, òwú rírọ̀ tí a tẹ́ sí àárín kí ó lè móoru, àti aṣọ ẹ̀yìn. Abẹ́rẹ́ ni a fi ń gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí wọ́n má baà yẹ̀ lára wọn. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni a ń gbà ṣe ojú aṣọ. Èkíní ni kí a rán ègé mọ́ ègé ní etí; èkejì ni kí a gé àwòrán láti ara aṣọ kan, kí a sì rán an lé orí aṣọ mìíràn.

Kì í ṣe gbogbo aṣọ ìbora alábùlẹ̀ ni ó jẹ́ ti aláìní. Àwọn ọlọ́rọ̀ a máa ra aṣọ tuntun láti fi rán tiwọn. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ìdílé, pàápàá lọ́dọ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà tí a kó lẹ́rú lọ sí ìhà gúúsù Amẹ́ríkà àti àrọ́mọdọ́mọ wọn, aṣọ iṣẹ́ tí ó ti gbó, àpò ìyẹ̀fun àti ìrépé aṣọ ni wọ́n ń lò. Òtútù ni wọ́n ń sá fún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú wọn mọ ohun tí ó lẹ́wà.

Ìbéèrè tí ó jẹ iṣẹ́ yìí lógún nìyí: nígbà tí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ bá kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó rán an, tí ó di ohun àkójọ, kí ni ó ń bá a lọ, kí ni ó sì ń kù sẹ́yìn?

Harriet Powers àti aṣọ tí a tà ní dọ́là 5

A bí Harriet Powers sínú ìgbèkùn ẹrú ní ìpínlẹ̀ Georgia ní ọdún 1837. Lẹ́yìn tí òmìnira dé, òun àti ọkọ rẹ̀ ń dáko nítòsí ìlú Athens. Ní ọdún 1886, aṣọ kan tí ó rán wà lára ohun tí a pàtẹ níbi ìpàtẹ ọjà òwú ní ìlú náà. Ìtàn inú Bíbélì ni ó gé lé orí aṣọ ọ̀hún ní ojú àwòrán 11. Ádámù àti Éfà wà níbẹ̀, Kéènì ń pa Ébẹ́lì, Jákọ́bù ń lá àlá, Júdásì sì wà láàrin ọgbọ̀n owó fàdákà.

Jennie Smith, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà kan tí ó jẹ́ aláwọ̀ funfun, rí aṣọ náà, ó sì fẹ́ rà á. Powers kọ̀, ó ní òun kò tà á. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, nǹkan le fún ìdílé rẹ̀. Ó gbé aṣọ náà tọ Smith lọ, ó béèrè dọ́là 10, dọ́là 5 ni ó sì gbà. Smith kọ ọ́ sílẹ̀ pé Powers padà wá wo aṣọ náà ní ọ̀pọ̀ ìgbà lẹ́yìn tí ó tà á, bí ẹni ń bẹ ọmọ rẹ̀ wò nílé olówó.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Ipò yìí ni Powers bá ara rẹ̀. Síbẹ̀, ohun kan wà tí Smith ṣe tí ìtàn kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ó ní kí Powers ṣàlàyé ojú àwòrán kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ àlàyé náà sílẹ̀. Lónìí, aṣọ náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìtàn Amẹ́ríkà ti Smithsonian ní Washington. Aṣọ rẹ̀ kejì, tí ó ní ojú àwòrán 15, wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà ní Boston. Àwọn méjì yìí nìkan ni a mọ̀ pé ó ṣẹ́kù nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Lára aṣọ kejì, Powers gé àwòrán òru ọjọ́ tí ìràwọ̀ já bọ́ bí òjò ní oṣù kọkànlá ọdún 1833, àti ọjọ́ tí òkùnkùn ṣú lọ́sàn-án gangan ní ọdún 1780. A kò tíì bí i nígbà tí èyíkéyìí nínú méjèèjì ṣẹlẹ̀. Ẹnu àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ìtàn náà ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí kì í bá ṣe àlàyé rẹ̀ tí a kọ sílẹ̀, ta ni ìbá mọ ohun tí àwọn ìràwọ̀ náà dúró fún? Powers fi abẹ́rẹ́ kọ ìtàn.

Ìpàtẹ ọdún 1971

Kí ó tó di ọdún 1971, àwọn kan ti ń kó aṣọ wọ̀nyí jọ. Electra Havemeyer Webb dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Shelburne sílẹ̀ ní Vermont ní ọdún 1947, ibẹ̀ sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ pàtẹ wọn bí iṣẹ́ ọnà. Ṣùgbọ́n ìpàtẹ tí ó yí ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn padà ni èyí tí ó wáyé ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Whitney ní New York láti oṣù keje ọdún 1971. Jonathan Holstein àti Gail van der Hoof ni ó kó àwọn aṣọ náà jọ. Wọ́n mú nǹkan bí 60 nínú wọn, wọ́n sì gbé wọn kọ́ ara ògiri gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbé àwòrán ayàwòrán ńlá kọ́.

Ohun tí wọ́n fẹ́ kí ayé rí ni bí àwọ̀ àti ìlà ṣe bá ara wọn mu. Ó yà àwọn aláriwísí lẹ́nu pé obìnrin inú ilé ti ń ṣe irú ọnà tí àwọn ayàwòrán ìgbàlódé ń gba òkìkí lé lórí. Èrè ìpàtẹ yìí pọ̀: ó lọ sí ọ̀pọ̀ ìlú, iye àwọn olùkójọ pọ̀ sí i, aṣọ tí ìbá di ìnulẹ̀ sì di ohun tí a ń tọ́jú.

Àléébù rẹ̀ náà kò fara sin. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó rán àwọn aṣọ náà ni a kò dá orúkọ wọn mọ̀. Ní ọdún 1973, Patricia Mainardi kọ àpilẹ̀kọ kan tí ó fi bẹnu àtẹ́ lu àṣà fífi aṣọ wọ̀nyí wé àwòrán àwọn ọkùnrin, láìbìkítà fún àwọn obìnrin tí ó ṣe wọ́n. Òun tẹnu mọ́ ọn pé iṣẹ́ ọnà ni wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó gbé wọn kọ́ ògiri.

Ìdáhùn tí ó bọ́gbọ́n mu sí àléébù yìí wá láti ìpínlẹ̀ Kentucky ní ọdún 1981. Dípò kí àwọn olùwádìí máa ra aṣọ, wọ́n pe àwọn ará ìlú kí wọ́n gbé aṣọ ìdílé wọn wá. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀, wọ́n kọ orúkọ ẹni tí ó rán an àti ìtàn rẹ̀ sílẹ̀, olówó aṣọ sì gbé aṣọ rẹ̀ padà sílé. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tẹ̀ lé ìlànà yìí. Ní ọdún 1997, Yunifásítì Nebraska ní Lincoln dá ilé ẹ̀kọ́ àti àkójọ kan sílẹ̀ fún irú aṣọ yìí. Ibẹ̀ ni àkójọ Holstein fúnra rẹ̀ bọ́ sí ní ọdún 2003.

Àwọn obìnrin Gee's Bend

Gee's Bend jẹ́ abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Alabama, níbi tí odò Alabama ti yí ilẹ̀ náà po ní ìhà mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀ ni ó ń jẹ́ Pettway, orúkọ olóko tí ó kó àwọn baba ńlá wọn lẹ́rú. Nígbà tí àwọn ènìyàn dúdú ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jà fún ẹ̀tọ́ láti dìbò, a dá ọkọ̀ ojú omi tí ń gbé wọn sọdá dúró ní ọdún 1962. Ọdún 2006 ni ó tó padà. Ní ọdún 1966, àwọn obìnrin agbègbè náà dá ẹgbẹ́ aránṣọ alájẹṣẹ́kù kan sílẹ̀, Freedom Quilting Bee, kí wọ́n lè rí owó gidi nídìí iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Ní ìparí ọ̀rúndún ogún, olùkójọ kan, William Arnett, rí àwòrán aṣọ Annie Mae Young nínú ìwé, ó sì wá a lọ. Láti ibẹ̀ ni ó ti ra ọ̀pọ̀lọpọ̀ aṣọ lọ́wọ́ àwọn obìnrin abúlé náà. Ní ọdún 2002, a pàtẹ wọn ní Houston, lẹ́yìn náà ní Whitney. Lọ́tẹ̀ yìí, orúkọ aránṣọ wà lára ògiri, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn wà nínú ìwé ìpàtẹ, àwọn fúnra wọn sì wà níbẹ̀. Ní ọdún 2006, ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà tẹ àwòrán mẹ́wàá nínú aṣọ wọn sórí sítáǹbù.

Òkìkí kàn, ṣùgbọ́n òkìkí kì í ṣe owó. Ní ọdún 2007, mẹ́ta nínú àwọn aránṣọ náà pe Arnett àti àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́jọ́ nítorí owó àti ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ wọn. Àwọn tí a pè lẹ́jọ́ sọ pé àwọn kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ní ọdún 2008 ni ọ̀rọ̀ náà parí láìsí ìdálẹ́bi. Ẹjọ́ náà fi hàn pé kíkọ orúkọ nìkan kò tó. Ẹni tí ó ta aṣọ kan lè máà mọ̀ pé àwòrán aṣọ náà yóò wà lára káàdì, kápẹ́ẹ̀tì àti sítáǹbù. Ọ̀rọ̀ ta ni ó ni àwòrán náà yẹ kí ó ti di mímọ̀ kí owó tó ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn.

Àkójọ Eli Leon àti ọ̀rọ̀ Áfíríkà

Ní ìpínlẹ̀ California, Eli Leon fi ọ̀pọ̀ ọdún ra aṣọ alábùlẹ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà ní Amẹ́ríkà, púpọ̀ nínú rẹ̀ ní ọjà àlòkù. Nígbà tí ó kú ní ọdún 2018, ó fi nǹkan bí 3,000 sílẹ̀ fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà Yunifásítì California ní Berkeley. Ó lé ní 500 nínú wọn tí ó jẹ́ iṣẹ́ obìnrin kan tí ayé mọ̀ sí Rosie Lee Tompkins. Effie Mae Howard ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ayé dá òun mọ̀, Leon sì bọ̀wọ̀ fún ìfẹ́ rẹ̀ yìí nígbà ayé rẹ̀. Èyí fi hàn pé ẹ̀tọ́ sí orúkọ ní ojú méjì: ẹni tí ó fẹ́ kí a dárúkọ òun, àti ẹni tí kò fẹ́.

Leon àti àwọn onímọ̀ bíi Robert Farris Thompson rí ìjọra láàrin àwọn aṣọ wọ̀nyí àti aṣọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà: ọnà tí ó ṣàdédé yí padà, àwọ̀ tí ó ń ta ko àwọ̀, àti àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ aṣọ tí a rán pọ̀ ní ìbú. Yorùbá tí ó mọ aṣọ òkè mọ̀ pé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni a ń hun ún kí a tó rán an pọ̀. Ẹni tí ó bá sì ti rí ẹ̀kú egúngún mọ̀ bí ìdílé ṣe ń fi ègé aṣọ tuntun kún ti àtijọ́ láti ọdún dé ọdún.

Ṣùgbọ́n ìjọra nìkan kì í ṣe ẹ̀rí pé ọ̀dọ̀ kan ni nǹkan méjì ti ṣẹ̀. Cuesta Benberry, òpìtàn tí ó jẹ́ ọmọ Áfíríkà ní Amẹ́ríkà, fi ìpàtẹ rẹ̀ ti ọdún 1992 hàn pé oríṣiríṣi ni aṣọ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó gún régé, tí ọnà rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti aládùúgbò aláwọ̀ funfun. Bí a bá sọ pé ìrú kan ṣoṣo ni ti àwọn ènìyàn dúdú, a ti pa iṣẹ́ àwọn yòókù rẹ́.

Kíka ọjọ́ orí aṣọ àti títọ́jú rẹ̀

Olùkójọ tí ó mọṣẹ́ mọ̀ pé aṣọ alábùlẹ̀ kò lè pẹ́ láyé ju ègé tí ó jẹ́ tuntun jù lọ nínú rẹ̀ lọ. Bí aró àtọwọ́dá, tí a kò ṣe àwárí rẹ̀ títí di ọdún 1856, bá wà nínú ègé kan, a kò lè pe odindi aṣọ náà ní ti ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀tá aṣọ. Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kì í sábà jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ju 50 lux lọ níbi tí aṣọ wà, wọn kì í sì í pàtẹ ẹyọ kan títí. Bí a bá ká a, a gbọ́dọ̀ máa yí ojú kíká padà lóòrèkóòrè, nítorí ojú kíká ni aṣọ ti ń já.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun mẹ́ta ni ìtàn yìí fi lé olùkọ́ lọ́wọ́. Àkọ́kọ́, a lè ṣe àkójọ láìgba aṣọ lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Ìlànà Kentucky kò ná olùkọ́ ju ìwé, kálàmù àti ẹ̀rọ ayàwòrán lọ: akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé àdìrẹ tàbí aṣọ òkè ìyá àgbà wá fún ọjọ́ kan. Èkejì, ọ̀rọ̀ ẹnu ni kí a kọ́kọ́ gbà. Ta ni ó ta á láró? Kí ni orúkọ ọnà rẹ̀? Ẹni tí ó mọ̀ pé Ìbàdàndún ni àdìrẹ kan ń jẹ́ lè kọjá lọ lónìí, kí aṣọ sì ṣẹ́kù láìlórúkọ. Ẹ̀kẹta, kí àdéhùn nípa orúkọ, owó àti àwòrán ṣáájú ìpàtẹ.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀kú egúngún àti aṣọ Yorùbá ni ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lókè òkun láìsí orúkọ ẹni tí ó rán an tàbí ẹni tí ó hun ún. Àtúnṣe ti àná le. Ti òní kò tíì bọ́. Àwọn àgbà ní yin ni yin ni, kẹ́ni lè ṣèmíràn. Ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, báwo ni a ó ṣe yìn ín?