Bí A Ṣe Ń Kọ Ìtàn Alátùn-únṣe: Wòlíì Babalọlá ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè

Olùkọ́ tí ó bá ti sọ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ rí pé kí wọn kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹni tí ó tún ìlú ṣe, yóò mọ ohun tí a fẹ́ sọ yìí. Oríkì ni púpọ̀ nínú wọn ń kọ wá. Ẹni tí wọn kọ nípa rẹ̀ kò ní alátìlẹ́yìn, kò sì sí ẹni tí ó bá a jiyàn rí. A kò lè dá àwọn ọmọ náà lẹ́bi, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwa àgbà ṣe ń sọ ìtàn àwọn bàbá wa nínú ìjọ. Oríkì dára ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹnìkan tí gbogbo ìwọ̀-oòrùn Èkìtì mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ, èyíinì ni Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá. A bí i ní Odò-Ọwá ní ọdún 1904, nínú ilé àwọn ọmọ ìjọ C.M.S. Ó kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ, lẹ́yìn náà ó ń wa ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ ojú ọ̀nà fún Ìjọba. Lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni ó wà ní ọdún 1928 nígbà tí ó jẹ́rìí pé Olúwa pe òun. Ní oṣù keje ọdún 1930 ni ìsọjí ńlá bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Oòyè, Iléṣà. Láti ibẹ̀ ni ó ti wá sí Ẹ̀fọ̀n, iná ìsọjí náà sì ràn dé Àrámọ̀kọ àti àwọn ìlú Èkìtì mìíràn.

Ìbéèrè kìn-ín-ní tí ọmọ ilé-ìwé gbọ́dọ̀ bèèrè ni pé: ta ni ó gbà á? Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ọba Aládéjàre, Aláayè ti Ẹ̀fọ̀n, fún un láyè ní ìlú. Ọba náà gba ìrìbọmi, a sì sọ ọ́ ní Sólómọ́nì. Àwọn ará ìjọ a máa sọ pé igbó tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ ni a fi fún wọn láti máa gbàdúrà, tí wọ́n sì ṣán an láìsí ewu. Kí ọmọ náà kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ó fi kún un pé ẹ̀rí ẹnu àwọn ará ìjọ ni.

Ìkejì ni pé: kí ni àtúnṣe náà ná ìlú? Àwọn ènìyàn kó ère àti oògùn wọn jáde, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Bẹ́ẹ̀ sì ni Ẹ̀fọ̀n jẹ́ ìlú àwọn agbẹ́gilére. Nígbà tí iná jó ààfin ní ọdún 1912, Agbọnbíòfẹ́, ọmọ ilé Adéṣínà, ni ó gbẹ́ òpó fún ààfin tuntun. Ọdún 1945 ni ó kú. Ojú rẹ̀ rí ìgbà méjèèjì. Onígbàgbọ́ ni wá, a kò sì sunkún òrìṣà. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá kọ nípa iná náà láìdárúkọ ọwọ́ tí ó gbẹ́gi, ààbọ̀ ìtàn ni ó kọ.

Ìkẹta ni pé: ta ni ó takò ó, kí sì ni ìdí rẹ̀? Ní ọdún 1932 a fi Wòlíì sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin nítorí ọ̀rọ̀ àjẹ́. Lẹ́yìn náà ni àríyànjiyàn dé láàrin àwọn aṣáájú ìjọ àti àwọn òyìnbó míṣọ́nárì tí ó wá láti Britain ní 1931: àwọn òyìnbó ń lo kuníìnì, àwọn ará wa sì di àdúrà nìkan mú fún ìwòsàn. Wọ́n pínyà, nígbà tí ó sì di 1943, Ìjọ Àpọ́sítélì ti Krístì ni orúkọ ìjọ àwọn ará wa.

Àwọn kan yóò wí pé kí a má ṣe fi irú nǹkan wọ̀nyí han ọmọdé. Ṣùgbọ́n Ìwé Mímọ́ kò fi ẹkún Pétérù pamọ́, kò sì fi ìjà Pọ́ọ̀lù àti Bánábà pamọ́. Ọmọ tí a bá fún ní ìyìn nìkan, ní ọjọ́ tí ó bá gbọ́ ìyókù lẹ́nu ẹlòmíràn, yóò rò pé irọ́ ni a pa fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹdẹ ni Wòlíì ti sùn ní ọdún 1959, Ẹ̀fọ̀n sì ni ibojì rẹ̀ wà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ síbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá kúrò níbẹ̀, ẹ mú wọn dé agboolé àwọn agbẹ́gilére pẹ̀lú, kí wọn kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, kí wọn sì bèèrè.