Kétu Lábẹ́ Àsíá Faransé

Bí ará Wásinmi bá gbọ́ orúkọ Faransé, ọkàn rẹ̀ a fò lọ sí Párìsì. Ì bá kọ́kọ́ lọ sí Kétu, ọ̀kan nínú àwọn ìlú aládé ọmọ Odùduwà.

Ní ọdún 1886, ogun Dàhómì fọ́ Kétu, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Ní ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín ilẹ̀ náà ní Párìsì láìbi onílẹ̀ léèrè: Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ, tí í ṣe ara ilẹ̀ Kétu, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhómì, àwọn ọmọ Kétu padà sílé ní ọdún 1894. Oore ńlá ni. Ṣùgbọ́n owó orí, iṣẹ́ àfipáṣe àti kíkó ọ̀dọ́ lọ sí ogun 1914 sí 1918 tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ sì sá wá bá ìbátan wọn ní ìhà ti Gẹ̀ẹ́sì.

Lónìí, èdè Faransé ni ọmọ Kétu fi ń kàwé. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960 ni òmìnira tiwọn. Tiwa jẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún kan náà. Síbẹ̀, Akaba Ìdènà, ẹnu odi àtijọ́ Kétu, ṣì wà níbẹ̀, Yorùbá sì ni orúkọ rẹ̀. Ààlà pín ilé ẹ̀kọ́ wa. Kò pín orírun wa.