Kọ́bọ̀ Méjì Lọ́sẹ̀: Ìtàn Ilé-Ìtajà Àwọn Ahunṣọ Rochdale

Nígbà tí oúnjẹ bá wọ́n gógó, tí ìyálé ilé bá ti ọjà dé tí agbọ̀n rẹ̀ fúyẹ́ ju ìrètí rẹ̀ lọ, àwọn aláàánú a máa dìde, wọn a ní kí àwọn ará àdúgbò kó ara wọn jọ, kí wọ́n máa ra oúnjẹ ní àpò-àpò, kí wọ́n sì pín in ní iye tí kò ní ni wọ́n lára. Ìmọ̀ràn rere ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń fìdí múlẹ̀ níbì kan, tí ó sì ń fọ́ yángá níbòmíràn, kí ó fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn àwọn ahunṣọ ìlú Rochdale ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé wọ́n jẹ́ bàbá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù òde òní.

Aṣọ onírun àgùntàn ni iṣẹ́ ìlú náà, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti dé ni owó-ọ̀yà àwọn ahunṣọ ti ń joro. Nígbà tí wọ́n sì daṣẹ́ sílẹ̀ láti béèrè àfikún, pàbó ni ó já sí. Àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe, ṣùgbọ́n ebi nìkan kọ́ ni ó ń bá wọn jà. Ọ̀pọ̀ oníṣọ́ọ̀bù a máa po ẹfun mọ́ ìyẹ̀fun, wọn a da iyanrìn sínú ṣúgà, wọn a sá ewé tíì tí a ti sè lẹ́ẹ̀kan, wọn a sì tún un tà bí ọ̀tun. Àwọn ọ̀gá iṣẹ́ mìíràn tilẹ̀ wà tí kì í fi owó gidi san owó iṣẹ́, àfi ọjà inú ṣọ́ọ̀bù tiwọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ọdún 1831 ti lòdì sí i. Òṣìṣẹ́ tí ó bá sì ti ra àwìn, ẹnu rẹ̀ ti kú: bí iyanrìn bá hàn gbangba nínú ṣúgà rẹ̀, níbo ni yóò gbà lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn?

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tí ó ṣàánú wọn. Robert Owen, ọmọ ilẹ̀ Wales, tí òwú sọ di ọlọ́rọ̀, ra odindi abúlé kan ní Indiana nílẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1825, ó pè é ní New Harmony, ó sì pe ènìyàn kí wọ́n wá máa gbé pọ̀ bí ọmọ ìyá. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1827, ètò náà ti tú ká, púpọ̀ nínú owó rẹ̀ sì ti bá a lọ. Oníṣègùn kan ní Brighton, William King, ni ó rí ọ̀nà tí ó kúrú jù ú lọ: láàárín ọdún 1828 sí 1830 ni ó ń tẹ ìwé pélébé kan jáde, níbi tí ó ti ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n fi kọ́bọ̀ tiwọn dá ilé-ìtajà oúnjẹ sílẹ̀ ná, nítorí pé oúnjẹ ni wọn kò lè ṣe aláìrà. Àwọn ará Rochdale gbìyànjú rẹ̀. Ní ọdún 1833 wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù kan ní Toad Lane. Kò ju bí ọdún méjì lọ tí àwìn fi jẹ ẹ́ run.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí tí àwọn kan tún fi kó ara wọn jọ ní ọdún 1844. Ẹni méjìdínlọ́gbọ̀n ni ìtàn máa ń kà. Kọ́bọ̀ méjì lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé ó falẹ̀ jù, wọ́n sọ ọ́ di tọ́rọ́. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: owó náà di pọ́ùn 28. Wọ́n forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní oṣù kẹwàá, wọ́n háyà ìsàlẹ̀ ilé kan ní Toad Lane kan náà ní pọ́ùn 10 lọ́dún, nígbà tí ó sì di alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, wọ́n ṣílẹ̀kùn. Bọ́tà díẹ̀, ṣúgà díẹ̀, ìyẹ̀fun, ìyẹ̀fun óòtì àti àbẹ́là ni gbogbo ohun tí ó wà lórí àtẹ. Àwọn ọmọ ìta pé jọ síwájú ilé náà, wọ́n ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀.

Òfin wọn ni ó gbà wọ́n. Ẹni tí kò bá mú owó lọ́wọ́ kò ní gbé ọjà lọ, ìbáà ṣe alága. Ojúlówó ọjà ni wọn yóò tà, òṣùwọ̀n yóò sì pé. Ohùn kan ṣoṣo ni ẹnikẹ́ni ní, ìbáà ti dá pọ́ùn kan, ìbáà ti dá ogún. Obìnrin pàápàá kò gbẹ́yìn, nítorí ní ọdún 1846 ni Eliza Brierley wọ ẹgbẹ́, nígbà tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ka ohun ìní aya sí ti ọkọ. Èyí tí mo kà sí ọgbọ́n jù lọ ni bí wọ́n ṣe ń pín èrè. Ẹni tí ó dá owó púpọ̀ yóò gba èlé díẹ̀ tí a ti fi gbèdéke sí, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ; èrè tí ó kù yóò padà sọ́dọ̀ àwọn oníbàárà, olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí iye ọjà tí ó rà. Nípa báyìí, opó tí ó ń bọ́ ọmọ márùn-ún lè gba èrè ju ọlọ́rọ̀ tí kì í ra ohunkóhun níbẹ̀ lọ, kò sì sí ẹni tí yóò ṣe oore fún un kí ó tó rí i gbà. Nígbà tí ó yá, wọ́n ń yọ ìdá kan nínú ogójì èrè sọ́tọ̀ fún ìwé kíkà.

Ìdánwò dé ṣá. Ní ọdún 1850 tí wọ́n dá ilé ìlọkà tiwọn sílẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń ráhùn pé ìyẹ̀fun náà pupa rúsúrúsú. Ojú wọn ti mọ́ ìyẹ̀fun tí a po nǹkan mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojúlówó fi di àjèjì! Àwọn aṣíwájú kò yẹsẹ̀, wọn kò sì fi ohunkóhun kùn ún. Ṣáájú àkókò yẹn, ní ọdún 1849, ilé ìfowópamọ́ ìlú náà ti dojú dé, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti kó ìyókù owó wọn wá sọ́dọ̀ àwọn ahunṣọ tí ọmọ ìta fi ṣẹ̀fẹ̀ lánàá; ní ọdún 1850, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti di 600. Ní ọdún 1863, àwọn ẹgbẹ́ àríwá Gẹ̀ẹ́sì pawọ́ pọ̀ dá ilé òsùnwọ̀n ńlá sílẹ̀ ní Manchester, tí wọn yóò ti máa ra ọjà láìsí alágbàtà.

Ìlànà wọn dé ọ̀dọ̀ wa ní Nàìjíríà náà. Ọ̀gbẹ́ni C. F. Strickland, tí ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba ní Íńdíà, ni ìjọba amúnisìn ní kí ó yẹ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wò. Ó gbé àbọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 1934, òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì jáde ní ọdún 1935. Kòkó ni ó jẹ àwọn àgbẹ̀ lógún nígbà náà, kì í ṣe oúnjẹ àdúgbò. Síbẹ̀ ilẹ̀ tí irúgbìn náà bọ́ sí kì í ṣe àṣálẹ̀. Èésú ti wà láyé bàbá wa, àárò náà sì ti wà, èyí tí àwọn Ẹ̀gbá ọmọ Líṣàbi ń ròyìn pé òun ni Líṣàbi Agbòǹgbò Àkàlà fi kó ènìyàn jọ láti bọ́ àjàgà Ọ̀yọ́ sílẹ̀. Ìfọkàntán kò wọ́n wa rí. Ṣùgbọ́n èésú a máa pín gbogbo owó rẹ̀ tán nígbà tí ó bá yí ká, kì í ṣẹ́ nǹkan kù tí yóò máa ra ọjà fún ẹgbẹ́. Níbẹ̀ ni ti Rochdale gbé yàtọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò láti ran àdúgbò lọ́wọ́, ẹ fi owó yín sápò ná. Ẹ jẹ́ kí àwọn ará ibẹ̀ dá tọ́rọ́ tiwọn, kí wọ́n fẹnu kò lórí àwìn, lórí òṣùwọ̀n àti lórí ẹni tí yóò máa kọ ìwé ìṣirò, kí àpò ìrẹsì àkọ́kọ́ tó wọlé.